Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Risífà Tàn, Àmọ́ Kò Sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Houston fi risífà kan, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń pín in fún súpíkà, ránṣẹ́ sí mi, òun pẹ̀lú súpíkà márùn-ún àti sábúúfà. Ẹlẹ́tíríṣánì ti bá mi ra step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ iná wálẹ̀, torí pé iná Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Mo so dìkódà àti DVD mọ́ tẹlifísọ̀n, mo wá fi wáyà HDMI kan so tẹlifísọ̀n mọ́ risífà, àmọ́ ara tẹlifísọ̀n nìkan lohùn ṣì ń gbà jáde. Wọ́n ní risífà ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọmọ Mọ́níyà, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ jàre. Tí risífà bá tàn tí kò kọ Protect lójú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ tó bá fẹ́ dáàbò bo ara ẹ̀, ibi tí ẹ ki wáyà sí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ẹ máa rí ojú HDMI bíi mélòó kan tí wọ́n kọ IN sí, ẹ máa wá rí ọ̀kan, nígbà míì méjì, tí wọ́n kọ OUT sí. Ó jọ pé inú IN lẹ ki ti tẹlifísọ̀n sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ torí wọ́n rò pé ohùn ló fẹ́ wọlé, IN náà ló yẹ kó gbà. Rárá o. Tẹlifísọ̀n kì í gba ojú HDMI ẹ̀ sọ nǹkan jáde, àfi ojú kan tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára, ìyẹn ló lè dá ohùn padà sínú OUT risífà, lórí wáyà kan náà tí àwòrán gbà wá. Ọdún 2009 ni ARC wọ inú HDMI, tí risífà yín bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ẹ wá orí OUT tí wọ́n kọ ARC sí lẹ́yìn risífà, ẹ ki wáyà síbẹ̀, kí orí kejì wọ ARC tẹlifísọ̀n. Lẹ́yìn náà ẹ wọ sẹ́tíìnì tẹlifísọ̀n, ẹ tan CEC, òun ló ń jẹ́ kí tẹlifísọ̀n àti risífà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà HDMI, Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní Simplink, Sony ní Bravia Sync, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn, ẹ tún lọ síbi ohùn kẹ́ ẹ mú un kúrò lórí súpíkà tẹlifísọ̀n, ẹ gbé e sórí risífà. Ẹ tan CEC àti ARC nínú mẹ́nù risífà náà o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Tí kò bá sí ARC, ẹ ra wáyà optical, èyí tí iná pupa máa ń tàn lẹ́nu ẹ̀, ẹ yọ rọ́bà kékeré tó bo orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í.

Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní so dìkódà àti DVD mọ́ tẹlifísọ̀n rárá. Risífà ni mo máa fi ṣe oríta: dìkódà wọ IN kan, DVD wọ IN mìíràn, kí wáyà kan ṣoṣo wá ti OUT lọ bá tẹlifísọ̀n. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ tẹlifísọ̀n, tí DVD bá fún un ní ohùn ọlọ́nà mẹ́fà, méjì péré ló máa dá padà fún risífà, súpíkà ẹ̀yìn á wá jókòó lásán. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni iná. Tí risífà bá kú pátápátá, àwòrán ò ní dé orí tẹlifísọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń lo inverter kékeré, tí bàbá ilé kàn fẹ́ gbọ́ ìròyìn aago mẹ́sàn-án, kí ló fẹ́ fi risífà ṣe? Àwọn risífà kan ní standby pass-through tó máa jẹ́ kí àwòrán kọjá, ẹ wò ó nínú mẹ́nù, tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí dìkódà wà lára tẹlifísọ̀n, kẹ́ ẹ máa lo ARC. Bákan náà, tí tẹlifísọ̀n bá jẹ́ 4K tí risífà ò sì mọ HDCP 2.2, ìyẹn ààbò tí wọ́n fi ń dènà kí wọ́n má da àwòrán 4K kọ, ẹ má gba àpótí 4K kankan inú ẹ̀ kọjá.

Mi ò tíì fi ọ̀rọ̀ step-down yẹn sílẹ̀ o. Sábúúfà yẹn ní wáyà iná tiẹ̀, Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Ṣé inú step-down lẹ ki òun náà sí àbí ara ògiri? Tó bá jẹ́ fóòtì 120 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, iná tiwa tó jẹ́ 230 lè jó o lójú ẹsẹ̀. Ẹ ro wáàtì risífà àti ti sábúúfà pọ̀, kí step-down jù ú lọ dáadáa.

Tó bá wá sọ̀rọ̀ tán, tó jẹ́ súpíkà iwájú méjì nìkan ló ń dún, ẹ má tún pe oníṣẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń wá látorí dìkódà, ohùn ọlọ́nà méjì ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Surround lórí rìmóòtù títí ẹ máa fi rí Pro Logic tàbí Dolby Surround, àwọn ló ń pín ohùn ọlọ́nà méjì fún gbogbo súpíkà, súpíkà àárín, tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré, á lanu.

Ìbéèrè: Home theatre wa tó ní DVD nínú ti kú, àmọ́ súpíkà àti sábúúfà ẹ̀ ṣì dáa. Ṣé mo lè so wọ́n mọ́ risífà tuntun? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Mà, ẹ yí súpíkà yẹn sẹ́yìn, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Ω, ìyẹn ohm, bí súpíkà ṣe ń dènà iná tó. Púpọ̀ nínú irú home theatre bẹ́ẹ̀, 3 tàbí 4 ló máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ risífà, 6 sókè ni wọ́n ń fẹ́. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni súpíkà á ṣe máa fa iná lára risífà tó, tẹ́ ẹ bá wá yí i sókè lọ́jọ́ ìkómọ, á gbóná, á kọ Protect, á sì pa ara ẹ̀. Sábúúfà yẹn gan-an ò tiẹ̀ ní dún, torí kò ní wáyà iná, inú àpótí tó kú yẹn ló ti ń gba agbára, ojú sábúúfà lẹ́yìn risífà ò sì ń fúnni lágbára kankan. Èyí tó ní wáyà iná tiẹ̀ lẹ máa rà.

Ìbéèrè: Wáyà súpíkà mi, tí pupa bá wọ ibi dúdú ńkọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Kì í jó nǹkan, àmọ́ tó bá jẹ́ súpíkà kan ṣoṣo lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún, bí èkejì ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni tiẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn, gbogbo báàsì á wá dàwátì. Èyí tó ń jó risífà ni kí irun wáyà kan lára pupa fara kan dúdú lẹ́yìn ẹ̀, torí náà ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì yọ risífà kúrò nínú iná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.