Èsì: Títa oúnjẹ ajá olówó gọbọi lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ kó oríṣi oúnjẹ mẹ́wàá sílẹ̀ n'Ibàdàn, kí ẹ máa tà á lórí WhatsApp. Mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ẹ mú méjì péré, ti ọmọ ajá àti ti àgbà ajá. Àwọn tó ń sin Boerboel àti Alsatian ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí ajá ńlá ló ń jẹ ọjà yín tán kíákíá.

Inú àtúnrà, ìyẹn kí oníbàárà tún padà wá rà, gan-an lowó wà. Ajá tó wọ̀n tó kílò 30 lè jẹ nǹkan bíi gíráàmù 350 lójúmọ́, àpò kílò 15 á sì tó o fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ kọ ọjọ́ tí oníbàárà rà á sílẹ̀; tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó tán, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. Kò ní ráyè yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àpò sínú láílọ́ọ̀nù kéékèèké tà. Bí atẹ́gùn àti ooru bá ti bá ọ̀rá inú oúnjẹ náà, á máa rùn bí òróró tó ti bàjẹ́. Ajá á gbóòórùn rẹ̀, á sì yíjú kúrò. (Àwọn kan ń ṣe é lọ́jà, mo mọ̀.)

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kẹ́ ẹ sì kọ́ oníbàárà kó máa po oúnjẹ tuntun mọ́ èyí tí ajá rẹ̀ ń jẹ tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ẹ̀yin ni wọ́n á sì pè lóru.