Jíìpù Jámánì ni àbí Corolla? Àbúrò mi, gbọ́ tèmi

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn pé:

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 25 ni mí. Mo parí àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá, mo ti ríṣẹ́ ní Bódìjà, ₦180,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Àpáta ni mò ń gbé. Owó àjọ mi àti èyí tí bàbá mi yọ fún mi nínú gírátúítì wọn ti di mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Mo rí jíìpù Jámánì kan tí wọ́n ń tà ní ₦4,600,000, ọ̀rẹ́ mi sì ní òun máa yá mi ní ìyókù. Àbúrò màmá mi ní kí n ra Corolla 2005 tí ẹnì kan ń tà ní ₦3,300,000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n ra Micra. Àǹtí, Micra, ní Ìbàdàn tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí takisí! Àwọn tá a jọ jáde á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, kú oríire iṣẹ́. Má ra jíìpù yẹn. Mo tètè sọ ọ́ kó má bàa jẹ́ pé wàá ti san àsansílẹ̀ kó o tó ka ọ̀rọ̀ mi tán. Ibi tí ọkàn mi dúró sí nínú lẹ́tà rẹ ni gírátúítì bàbá yẹn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó sì yọ fún ọmọ nínú ohun tó kù ú kù: owó yẹn kì í ṣe èyí tí a fi ń dán nǹkan wò.

Iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ kọ́ ni iye tí ọkọ̀ ń náni. Jíìpù tí iye yẹn lè rà lónìí ti gbó, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ló sì sábà máa ń jẹ́, irú èyí tó ń mu epo gan-an. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan ò tó ₦200. Ìwọ náà mọ iye tó ń jẹ́ báyìí. Ronú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá láràárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń mu epo, tí ọkọ̀ ò sún. Tí nǹkan kan bá wá bà jẹ́, mẹkáníìkì àdúgbò á ní kó o lọ bá oníkọ̀ǹpútà, páàtì á di ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Ládìípọ̀ l'Ékòó, ọ̀rẹ́ rẹ á sì máa retí ₦600,000 rẹ̀.

Ó ṣe mí rí. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, àwọ̀ rẹ̀ àti síìtì aláwọ ni mo rí, mi ò mú ẹnikẹ́ni dání. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń gun òkè kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Gíà ti kú. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ yẹn fi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ lọ wọ takisí. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹ́.

Ní ti Micra, ìtìjú tó ń bà ẹ́ yé mi. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ jẹun ò ní yan èyí tí yóò máa jẹ wọ́n. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé inú rẹ ò ní dùn láti wọlé sínú ẹ̀ láràárọ̀, fi í sílẹ̀. Lọ wo Corolla yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.8 lọ, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, ṣéènì ló ń lò fún táímíǹgì, kì í ṣe bẹ́líìtì tí èèyàn ń pààrọ̀. Kò sí mẹkáníìkì abẹ́ igi tí kò mọ̀ ọ́n n'Ìbàdàn, páàtì rẹ̀ sì wà ní Àràròmi, ní Géètì.

Àárọ̀ kùtù ni kó o lọ, kó o sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan ọkọ̀. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: tó bá ti gbóná, ohun kan wà tó ń fi pa mọ́. Ṣí ìdérí ọ́ìlì. Tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá funfun, tó dà bí ògì, omi ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Fa ọ̀pá ọ́ìlì gíà yọ, nù ún sára tíṣù funfun: pupa ló yẹ kó jẹ́; tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, máa lọ sílé. Yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ọkọ̀, iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yọ lójú dásíbọ́ọ̀dù, kó tó kú nígbà tó o bá tan án. Èyí tí kò yọ rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti tàn, kí ẹnì kan máa wo ẹ̀yìn. Èéfín tó rí bí aró túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì, àìsàn tó sì ń ṣe àwọn kan nínú Corolla ìgbà yẹn nìyẹn.

Nọ́ńbà ṣásí wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló wà nínú rẹ̀. Tí ọkọ̀ náà bá wá láti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀; 5 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí nọ́ńbà ṣásí náà bá ti ara ilẹ̀kùn àti ti inú ìwé mu. Yẹ ìwé Kọ́sítọ̀ọ̀mù náà wò: láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu bodè orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n sì lè gba èyí tí ìwé rẹ̀ ò pé lọ́wọ́ rẹ.

Mẹkáníìkì tìrẹ ni kó o mú lọ, kó o sì san owó ọjọ́ rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ni yóò dá a lọ́lá.

₦700,000 tó bá ṣẹ́ kù, má fi ra ẹ̀rọ olórin. Ibẹ̀ lo ti máa yí orúkọ inú ìwé padà, ibẹ̀ ni owó ìbánigbófò onípò kẹta, tí wọ́n ń pè ní third party, ti máa jáde, tó ti di ₦15,000 láti 2023. Wo táyà náà: nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀, 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ti darúgbó, bó ti wù kó máa dán tó.

Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ wò ó, mú àbúrò màmá rẹ dání. Wá òkè kan gùn, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí o pa rédíò, kẹ́ ẹ jọ tẹ́tí sí i. Mò ń retí lẹ́tà rẹ.