Ẹja mi kọ ikùn sókè, ṣé ó fẹ́ kú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ mi yọ mí lẹ́nu títí mo fi ra ẹja kékeré mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ojúẹlẹ́gbà. Wọ́n ní irùngbọ̀n bíi ti àrọ̀, àmọ́ wọn ò gùn ju ìka mi lọ. Àtìgbà tí mo ti dà wọ́n sínú táńkì gíláàsì ní pálọ̀ ni wọ́n ti kọ ikùn sókè. Ọmọkùnrin náà ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, kí n yáa lọ dá wọn padà kí wọ́n tó kú. Kí ni kí n ṣe? Bàbá Ìbejì, Yábàá.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín, ọmọkùnrin yẹn ò purọ́. Synodontis nigriventris ni àwọn onímọ̀ ẹja ń pe irú ẹja yìí. Èdè Látìn ni «nigriventris», «oníkùn dúdú» ló túmọ̀ sí. Ẹ wò wọ́n dáadáa: ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ẹja ló máa ń dúdú tí ikùn á funfun, kí ẹyẹ tó wà lókè má baà tètè rí i. Tiwọn yí padà, ikùn ló dúdú, torí ikùn lẹyẹ ń rí.

Odò Kóńgò ni ilé wọn, pàápàá lágbègbè adágún Malebo tó wà láàárín Kinshasa àti Brazzaville, níbi tí omi ti fẹ̀ tí kò sì yára. Ojú oró ní í lékè omi, àbí? Ẹja yìí ló ni abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ ewé tó léfòó àti abẹ́ igi tó wó sínú omi ló ti ń jẹ kòkòrò àti nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ orí sì ni ẹnu rẹ̀ wà, kò lè jẹ nǹkan abẹ́ ewé láìdojú ara rẹ̀ dé. Nígbà tó bá kéré, bíi ti ẹja yòókù ló ń wẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ àrà yìí.

Ẹ má fi wọ́n wé àrọ̀ o. Àrọ̀ tí ẹ ń rí nínú abọ́ omi díẹ̀ lọ́jà Oyingbo ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń mí atẹ́gùn ìta, ìyẹn ló jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀. Àwọn tiyín ò ní in. Inú omi nìkan ni wọ́n ti ń rí atẹ́gùn mí. Bí atẹ́gùn inú omi bá ti dín kù, òkè pátápátá ni díẹ̀ tó kù máa ń wà, ẹja tó bá sì dojú dé lókè ti gbé ẹnu rẹ̀ sí ibi tó yẹ gan-an.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣọ́ wọn. Ẹja tí ara rẹ̀ dá máa ń fara pamọ́ sábẹ́ igi tàbí ewé lọ́sàn-án, lẹbẹ rẹ̀ á nà, bí ẹ bá sì sún mọ́ ọn á sá fẹ́ú. Òmíràn tilẹ̀ máa ń yí padà bíi ti ẹja gbogbo láti lọ ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Èyí tó ń kú ò lè darí ara rẹ̀, ibi tí omi bá gbé e sí ló ń lọ. Àmọ́ bí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́, tí gbogbo wọn wá lẹ ẹnu mọ́ òkè omi lọ́sàn-án gangan, ẹ má jókòó wò wọ́n. Ẹ fi kọ́ọ̀pù bu omi táńkì náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, léraléra. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì wà, ẹ ra ọ̀kan. Lóòótọ́, ní Èkó tiwa yìí, òun ni mo kà sí pàtàkì ju táńkì fúnra rẹ̀ lọ.

Ooru 22 sí 26 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló bá wọn lára jù, nítorí náà ẹ gbé táńkì jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ láìbò ó fún wákàtí 24 kí ẹ tó dà á sí wọn. Ẹ wá igi tàbí ìkòkò amọ̀ tó fọ́ síbẹ̀ fún wọn. Alẹ́ ni kí ẹ máa fún wọn lóúnjẹ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, torí òru ni wọ́n ń jẹ̀.

Nǹkan kan kù: ẹ má fi àwọ̀n kó wọn. Ẹ̀gún tó wà lára lẹbẹ wọn máa ń nà gbọnrangandan, á sì há. Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé àwọ̀n mọ́ ọ̀kan lára rí, tó ń dún kín-ín kín-ín lọ́wọ́ mi. Abọ́ ike ni kí ẹ máa fi bù wọ́n.