Mo kọ Requires, síbẹ̀ ètò wa kò dúró de PostgreSQL

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, a kó ètò owó oṣù ilé-iṣẹ́ wa kúrò lórí CentOS 6 (irú Linux àtijọ́ kan) lọ sórí server tuntun tí ó ń lo systemd, ìyẹn ètò tí ó ń tan àwọn ètò yòókù. Script àtijọ́, /etc/init.d/owoosu, ni a ṣì fi ń tan ètò náà. Bí a bá ti tan server, owoosu a gbéra ṣáájú PostgreSQL, ibi tí a ń tọ́jú dátà sí, kò ní rí i bá sọ̀rọ̀, yóò sì kú. Mo ti kọ Requires=postgresql.service sínú drop-in rẹ̀ (fáìlì kékeré tí a fi ń ṣàfikún sí ètò systemd rẹ̀), kò yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ kọ kò burú, àmọ́ ìdajì ni. Lórí CentOS 6, nọ́ńbà iwájú orúkọ script, bíi S64 àti S85, ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ṣáájú, ọ̀kan a sì parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti systemd, ohunkóhun tí a kò bá ní kí ó dúró ni yóò tàn pa pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Requires ń sọ pé owoosu kò lè ṣe láìsí PostgreSQL. After ni ó ń sọ pé kí ó dúró títí PostgreSQL yóò fi gbéra tán. Requires tí kò ní After lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fi After=postgresql.service kún drop-in yẹn ní abala Unit, kí ẹ sì pàṣẹ systemctl daemon-reload kí systemd lè tún àwọn fáìlì rẹ̀ kà. Ẹ tún lè kọ postgresql sí ìlà Required-Start lórí script, nítorí ibẹ̀ ni systemd-sysv-generator, tí ó ń sọ script init.d di fáìlì systemd, máa ń kà. Ṣùgbọ́n After nìkan ni yóò yọ láti inú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe pa Requires rẹ́. Àṣẹ systemctl show -p After owoosu.service yóò fi hàn yín bóyá ó ti wọlé.

Èyí tí ó ń kọ mí lóminú jù ni pé, bí script yín kò bá ní ìlà pidfile lókè (ìlà tí ó ń sọ fáìlì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò náà wà), generator yóò fi RemainAfterExit=yes sí i. Owoosu lè ti kú pátápátá, kí systemctl status ṣì máa pè é ní active (exited), ètò mìíràn tí ó gbára lé e yóò sì gbà pé ó wà láàyè. Ìdí nìyí tí mo fi gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ ojúlówó fáìlì owoosu.service, kí ìlà ExecStart inú rẹ̀ pe ètò náà gan-an, kí ẹ sì fi Restart=on-failure sí i kí systemd lè tún un tàn bí ó bá kùnà. Láti ẹ̀yà 254, ní ọdún 2023, ni àwọn tí ó ń ṣe systemd ti kéde pé àwọn yóò yọ àtìlẹ́yìn fún script inú init.d kúrò.