Ẹ dín iná kù ná, kí ẹ tó ra èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní táǹkì ẹja yín gba nǹkan bí 80 lítà omi, ó ti lé ní oṣù 3 tí ẹ gbin ewéko sínú rẹ̀, àmọ́ ewé ń pọ́n, òmíràn ti lu, èéhù aláwọ̀ ewé (èyí tí òyìnbó ń pè ní algae) sì ti bo dígí àti òkúta. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ra iná tó mọ́lẹ̀ ju èyí tí ẹ ní lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó yẹn. Mo ti tọ ọ̀nà yẹn rí, ibi tó gbé mi dé ò dáa.

Nígbà tèmi, wákàtí 12 ni mo fi ń tanná lójúmọ́, torí mo gbà pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ewéko ṣe máa hù tó. Nígbà tí wọn ò hù, mo gbé iná kejì lé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tí omi mi fi di aláwọ̀ ewé pátápátá, mi ò rí ẹja mi mọ́ àfi tí wọ́n bá wá fẹnu kan dígí. Mo fi aṣọ dúdú bo táǹkì náà fún ọjọ́ 4 gbáko, mo pààrọ̀ ìdajì omi, ó mọ́. Mo tún tan iná méjèèjì padà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé iná ló ń pinnu bí ebi ṣe máa pa ewéko tó. Tí iná bá ti le, ewéko á máa wá CO2 (gáàsì tó fi ń ṣe oúnjẹ) púpọ̀, á máa wá àwọn èròjà bíi nitrate, phosphate, potassium àti iron. Èyí tó bá wọ́n jù nínú wọn ni yóò dá a dúró, bó ti wù kí àwọn yòókù pọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ tí ewéko ò rí lò yẹn ni èéhù ń jẹ, torí òun ò nílò èròjà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra táímà, ẹ fi í sí wákàtí 6. Tí iná yín bá ṣeé gbé sókè díẹ̀ kúrò lójú omi, ẹ gbé e. Tèmi gba ọ̀sẹ̀ 3 kí n tó rí ìyàtọ̀: dígí tí mò ń nù lọ́jọ́ kejì-kejì wá ń lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó dọ̀tí. Ìgbà tí ewéko bo ilẹ̀ tán ni mo tó fi í sí wákàtí 8.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ń fa CO2 sínú omi. Tí ẹ bá ní sìlíńdà rẹ̀, ẹ tún ra ìgò pínníṣín tí wọ́n ń so mọ́ inú dígí, èyí tí omi inú rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà. Búlúù túmọ̀ sí pé gáàsì ò tó. Àwọ̀ ewé ni à ń wá, ìyẹn nǹkan bíi mílígíráàmù 30 nínú lítà kan. Tó bá ti di yẹ́lò, ẹja wà nínú ewu. Mo ṣí gáàsì náà jù lọ́jọ́ kan, mo jáde lọ, ìgbà tí mo máa dé, gbogbo ẹja ti wà lójú omi tí wọ́n ń mí gúlegúle. Mẹ́ta kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi táímà sí i: á ṣí ní wákàtí kan sí méjì kí iná tó tàn, á sì tì kí iná tó kú, torí ewéko kì í lò ó nínú òkùnkùn. Ẹ má sì jẹ́ kó máa pọ̀ lónìí kó wọ́n lọ́la. Èéhù dúdú onírun tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí ewé yẹn fẹ́ràn irú ségesège bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ kò bá ní in, kò burú, ẹ kàn yan ewéko tí kì í béèrè púpọ̀: Anubias, Java fern, Cryptocoryne, Vallisneria. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn méjì àkọ́kọ́. Wọ́n ní igi nínípọn kan tó dà bí atalẹ̀, ibẹ̀ ni ewé àti gbòǹgbò ti ń yọ. Mo ri tèmi mọ́ inú yanrìn bí ẹni ń gbin iṣu, ó jẹrà mọ́bẹ̀. Òwú ni kí ẹ fi so ó mọ́ òkúta tàbí igi. Ti Cryptocoryne tilẹ̀ tún dùn mí jù: ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbìn ín, gbogbo ewé rẹ̀ yọ́ dà nù. Mo fà á tu, mo jù ú nù. Èmi ò mọ̀ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ ọ̀pọ̀ ewéko táǹkì dàgbà kí wọ́n tó tà á. Ewé orí ilẹ̀ ló kú yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè, ì bá ti rú ewé omi tí mo bá ní sùúrù.

Ní ti ewé yín tó ń lu, àìtó potassium ni màá kọ́kọ́ fura sí, pàápàá tó bá jẹ́ ewé àgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń funfun, iron ni kò tó. Ajílẹ̀ olómi tó ní gbogbo rẹ̀ pọ̀ ti tó, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ewé tó ti bàjẹ́ kò ní padà sípò, ẹ gé e dànù. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdajì omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì pa chlorine (oògùn apakòkòrò) inú omi ẹ̀rọ kó tó wọlé. Omi táǹkì tí ẹ bù jáde ni kí ẹ fi fọ kànrìnkàn fílítà, kí ẹ má baà pa àwọn bakitéríà rere tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹwà rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa máa ń gbin ewéko díẹ̀ díẹ̀, kó lè “ní àyè”. Àyè yẹn ni èéhù ń gbà. Ẹ gbìn ín kó pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi àwọn tó ń yára hù bíi Hygrophila kún un, kódà tí ẹ bá máa tu wọ́n tó bá yá. Gíga lẹ́yìn, kúkúrú níwájú. Ẹ má gbé òkúta ńlá sí àárín gbùngbùn. Ẹ sún un sí ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn dígí tèmi, ohun tó sì yí ojú táǹkì náà padà jù lọ nìyẹn, bébà lásán. Tí ewéko onígi gígùn bíi Hygrophila bá kan ojú omi, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ tún orí náà gbìn. Ibi tí ẹ ti gé e á yọ ẹ̀ka méjì. Takashi Amano, ayàwòrán ará Japan tó sọ irú ọgbà inú omi yìí di olókìkí, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé edé kékeré kan lè máa jẹ èéhù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe edé náà báyìí. Mo ní 6 nínú wọn, wọn kì í sinmi.

Wákàtí mélòó ni iná yín ń tàn báyìí?