Kí ló dé tí ìyá àgbà ń kí ọmọ oṣù méjì bí àgbàlagbà?

Ìyàwó ilé kan ní Kétu ló bèèrè. Ó ní bí ìyá ọkọ òun bá ń wẹ ọmọ, á máa ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?", á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì, lẹ́yìn náà á wá ki oríkì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tuntun lè jẹ́ àgbà ilé tó padà wá. Ibẹ̀ ni Babátúndé àti Yétúndé ti wá. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ kò ní fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀. Oríkì tí Ìyá ń kì ni yóò jẹ́ kó mọ ilé tó wá sí.

Ṣùgbọ́n dídákẹ́ yẹn ló wù mí jù. Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí Ìyá àgbà bá dákẹ́, ẹ wo ọmọ: á ju ẹsẹ̀, á ní "àgúù", á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ẹ̀rín tó fi ń dáni lóhùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá á ní, "Ẹ ṣeun o, Bàbá", á tún bi í ní òmíràn. Ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara ẹni nìyẹn, ọ̀pọ̀ oṣù kó tó lè pe ohunkóhun. Nígbà tí Ìyá bá sì ń fi òrí pa ọmọ lára, tó tẹ̀ ba, ojú Ìyá hàn sí ọmọ kedere.

Ibi tí n kò ti ní gbè sẹ́yìn Ìyá ni jíju ọmọ sókè lẹ́yìn ìwẹ̀. Ọrùn ọmọ oṣù méjì kò tíì gbó, ó di nǹkan bí oṣù 3 sí 4. Gbígbọn ọmọ jìgìjìgì sì lè ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́ oríkì náà lẹ́nu wọn. Bí èdè Gùn tàbí Fọ̀n ló yọ̀ yín lẹ́nu jù, ẹ fi ìyẹn bá ọmọ ṣeré, ẹ sì dúró kó dáhùn. Fóònù ni kí ẹ gbé sílẹ̀.