Ra ṣọ́ọ̀kì kí o tó ra projector

Àbúrò, o ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ẹ́ síṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Mainland níbí, o sì ń bèèrè bóyá kí o kó gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ sórí ẹ̀rọ tàbí kí o di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní akáǹtì. Ẹ̀rọ ti gbè mí, ó sì ti dójú tì mí.

Èyí tó dójú tì mí ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Owó ara mi ni mo fi ra projector àlòkù ní Computer Village, n'Íkẹjà. Mo to trial balance, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a fi ń wò bóyá àròpọ̀ owó apá òsì àti ti ọ̀tún dọ́gba, sórí slide, ó mọ́ roro; bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, òsì àtọ̀tún á bára mu. Àwọn ọmọ ń mi orí. Ìdánwò dé, mo gbé àkọsílẹ̀ tí kò bára mu síwájú wọn pé kí wọ́n wá ibi tí àṣìṣe wà. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Ìgbà yẹn ló yé mi: wọn ò rí mi kí n ṣàṣìṣe rí.

Lórí pátákó, mo máa ń gbé owó tó yẹ kó wà lósì sí ọ̀tún. Nígbà míì mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, nígbà míì oorun ló ń kùn mí. Ẹnì kan á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Sà, ẹ ti gbé e síbòmíì o!" A á wá jọ wá a. Bí iye tí òsì fi yàtọ̀ sí ọ̀tún bá ṣeé fi 9 pín, a ó fura pé ẹnì kan ti yí nọ́ńbà po, ó kọ 63 dípò 36. Bó bá ṣeé pín sí méjì, a ó wá ìdajì rẹ̀ kiri, bóyá apá tí kò yẹ ló wà. Ibẹ̀ gan-an ni akáǹtì wà, slide tèmi sì ti gbé e jù nù.

Ti iná kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ibi tí aláǹgbá ń yáàrùn ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka wa.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà. Ní 2020 tí Kòrónà ti ilé ìwé pa, mo gbìyànjú Zoom. Tọ̀fẹ́ kì í kọjá 40 ìṣẹ́jú, àwọn tó sì wọlé kò tó ìdá mẹ́rin kíláàsì. Mo bá bọ́ sórí WhatsApp: voice note ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú fọ́tò ìwé tí mo fọwọ́ kọ. Ọmọbìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata ní Mile 12, tí kì í la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì, sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọjà tó kún. Ta ló lè ní kí olùkọ́ tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Títí dòní mi ò tíì jáwọ́ níbẹ̀. Ó wúlò fún àwọn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ orí Third Mainland Bridge, kì í sì í jẹ dátà bíi fídíò. Owó dátà ti gbẹ́nu sókè láti 2025, má sọ fídíò di dandan fún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.

Ti ChatGPT? Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fi náírà béèrè, ẹnì kan fi dọ́là dá mi lóhùn. Ní báyìí, kí ọmọ wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé níwájú mi ni. Ó ń gba àkókò burúkú, ó ń pa mí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bèèrè iye wọn tó ní fóònù tiwọn. Wàá rí àwọn tó ń bá ẹ̀gbọ́n lo ọ̀kan.

Projector náà ṣì wà nílé. Àwọn ọmọ mi fi ń wo bọ́ọ̀lù.